Kí La Fi Ń Wọn Ewì?

Ní ọjà Òkè-Odò, nítòsí ibùdókọ̀ Pleasure ní Alímọ̀ṣọ́, òṣùwọ̀n kò ní ojú kan. Ike páìntì ni wọ́n fi ń wọn gàárì. Kóńgò àti dẹ̀rícà wà fún ìrẹsì àti ẹ̀wà, igo àti kéègì wà fún epo pupa, yáàdì wà fún aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní agbègbè náà á gbọ́ nípa pọ́lọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní òòró. Dẹ̀rícà yìí kì í ṣe òṣùwọ̀n tí ìjọba ṣe. Agolo tòmátò De Rica ni, tí àwọn ìyá ọjà fọ̀ nígbà tí tòmátò inú rẹ̀ tán, tí wọ́n sì sọ di adájọ́ láàárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà.

Òfin òṣùwọ̀n ti wà ní Nàìjíríà láti 1974, kílò àti lítà ló sì fi ṣe ọ̀gá. Kóńgò kò tìtorí rẹ̀ sá kúrò lọ́jà. Kóńgò ìrẹsì kan tó nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n kílò kọ́ ni oníbàárà ń wò. Òkìtì orí rẹ̀ ló ń wò.

“Ọ̀kan rè é o,” ni ìyá ẹlẹ́wà á wí, á da kóńgò àkọ́kọ́ sínú ọ̀rá. “Èjì rè é o.” Ohùn rẹ̀ ń bá ọwọ́ rẹ̀ rìn, kó má baà ṣì í kà, kí oníbàárà náà sì lè máa bá a kà á. Tó bá dé ẹ̀kẹta, oníbàárà á ní, “Ìyá wa, ènì ńkọ́?” Ìyá á fọwọ́ bu díẹ̀ lé e. Kíkà ti parí, wíwọ̀n ti parí, ènì ṣì wọlé.

Irú ẹnu iṣẹ́ báyìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ayé ti mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ewì. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ pe ètò ìlà ewì ní metron, òṣùwọ̀n, ọ̀rọ̀ kan náà tó bí mítà tí a fi ń wọn aṣọ àti ọ̀nà lónìí. Wọ́n gé ìlà kọ̀ọ̀kan sí pous, ẹsẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ oníjó tó ń gbéra tó sì ń balẹ̀. Àwọn ará Róòmù lo numerus, iye, fún ohun tó ń dún létòlétò, àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì náà sì pe ewì wọn ní numbers fún ìgbà pípẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá, wazn ni, ìyẹn ìwọ̀n, irú èyí tí a fi ń wọn ọjà. Al-Khalil ibn Ahmad, ọ̀mọ̀wé Basra ní ọ̀rúndún kẹjọ, ló to òṣùwọ̀n ewì Lárúbáwá sí oríṣi 15. Al-Akhfash, akẹ́kọ̀ọ́ ìlànà rẹ̀, ni wọ́n ní ó fi ẹyọ kan kún un. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Al-Khalil ni pé ibi tó ti ń kọjá lọ́jà, tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń lu irin, ni èrò náà ti wọ̀ ọ́ lórí. Ìtàn lásán ni ó lè jẹ́, àmọ́ ó bá ohun tí wazn ń sọ mu. Ìlà ewì kan, bayt ni wọ́n ń pè é, ilé; ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ìlẹ̀kùn kan nínú ìlẹ̀kùn méjì.

Ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí Pleasure rárá. Ní Agége tó múlé tì í ni Markaz wà, ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tí Sheikh Adam Abdullahi al-Ilory (1917–1992) dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tó sì kó wá sí Agége ní 1955. Àlùfáà tó bá kàwé dáadáa ní Ìlọrin tàbí ní Agége lè fi Lárúbáwá kọ ewì tí gbogbo ìlà rẹ̀ bá òṣùwọ̀n al-Khalil mu, kó sì kà á níbi ìsìnkú tàbí ní wòlímọ̀. Ẹni kan náà, tó bá yí sí Yorùbá, á fi òṣùwọ̀n yẹn sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Kí ló dé?

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n wọ́n wa. Ìdílé tí “wọ̀n” bí pọ̀. Ìwọ̀n wà, òṣùwọ̀n wà, òdiwọ̀n wà. Awọnlẹ̀ ni ẹni tó ń na tépù lórí ilẹ̀. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ìwà ẹni tó wọn ọ̀tún tó sì wọn òsì kó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tẹ́ni lọ́rùn kò kún ojú òṣùwọ̀n, ẹni tó ń ṣe àṣejù ni wọ́n sì ń sọ fún pé kó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, èyí tó jáde lódindi ní 1884, rí ìgbọ̀nwọ́ nílẹ̀ láti fi wọn ọkọ̀ Nóà, 300 ní gígùn. Irú efa àti hini ni wọ́n ní láti gbé bó ṣe wà. Ọjà, ilẹ̀, ìwà: gbogbo wọn ni “wọ̀n” ń ṣiṣẹ́ fún. Ewì ni kò sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé kíkà ṣòro fún Yorùbá. Ogójì ẹyọ owó ló wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn ló di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ló di ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Babaláwo ń ka odù 16 tó bí 256, ó sì ń tẹ̀ wọ́n lórí ọpọ́n láì ṣi ojú kan. Àwọn tó mọ ìṣirò tó báyìí kò fi ka sílébù inú ewì wọn.

Ohun tí wọ́n ń tẹ́tí sí yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí a ń lò fún ewì alohùn fi í hàn. A ń sun ìjálá, a ń sun rárà, a ń sun ìyẹ̀rẹ̀ àti ẹkún ìyàwó. A ń pe ẹsà, a ń pe ọfọ̀, a ń ki oríkì, a ń ké ewì. Iṣẹ́ ẹnu àti ọ̀fun ni gbogbo rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìjálá àti rárà kò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí oríkì kan náà lè wà nínú méjèèjì. Kò sì sí nínú gígùn ìlà. Ọ̀nà tí ohùn gbà jáde ni. Ọlọ́jà kan ní Òkè-Odò tí kò ka ìwé kankan rí á mọ̀ láti òkèèrè pé ọdẹ ló ń sun ìjálá níbi òkú tí wọ́n ń ṣe ní òpópónà kejì, kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan pàtó.

Adébóyè Babalọlá, ọmọ Ìpetumodù, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó, ló kọ́kọ́ gbé ìwé ńlá jáde lórí ìjálá, ní 1966. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Wándé Abímbọ́lá ṣe ti ẹsẹ Ifá, tí Ọlátúndé Ọlátúnjí sì kó gbogbo oríṣi jọ sínú ìwé kan ní 1984. Ìṣòro kan náà bá gbogbo wọn. Ohùn kì í ní ìlà. Ìwé ló ní ìlà. Ẹni tó bá ń da ohùn ọdẹ kọ láti inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ pinnu ibi tí yóò gé e sí, ibi mímí àti ibi tí ìtumọ̀ bá parí sí sì ni ó máa ń dì mú. Méjèèjì kì í sábà bá ara wọn jà, torí apohùn tó mọṣẹ́ kì í mí sáàárín ọ̀rọ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ kan ti ń tan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Wọ́n gbọ́ pé àwọn Gíríìkì àti Gẹ̀ẹ́sì ń fi ẹsẹ̀ wọn ewì, wọ́n sì rántí pé Yorùbá náà ní ẹsẹ Ifá àti ẹsẹ Bíbélì. Ó jọ pé a ti débẹ̀. A ò débẹ̀. Ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn parí sí ohùn ìsàlẹ̀, ẹsẹ Ifá dúró sí ohùn àárín, nǹkan tí wọ́n sì ń pè kò ní ìwọ̀n kankan: ẹsẹ Ifá kan lè parí lójú ìlà díẹ̀, òmíràn lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ìwé. Ẹsẹ̀ Gíríìkì, ẹyọ kékeré inú ìlà ni. Àwọn méjèèjì kò pàdé.

Ìdí tí òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì àti ti Lárúbáwá kò fi ṣeé gbé wọ Yorùbá kò le láti rí. Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ apá kan ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí ni akéwì wọn ń tò. Lárúbáwá ní sílébù gígùn àti kúkúrú, èyí tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́. Haúsá náà ní irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún àwọn tó kọ ewì ní Haúsá, bíi Nana Asma'u (1793–1864) ní Sókótó, láti fi òṣùwọ̀n Lárúbáwá kọ ọ́. Yorùbá kì í tẹ sílébù kan mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ. Sílébù wa kò ní kọ́ńsónáǹtì nídìí. Ó kéré, ó mọ́, ó dọ́gba. Ohùn nìkan ló yà á sọ́tọ̀, òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá gba àmì ìwúwo lọ́wọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀, ohun tó kù láti kà ni iye. Àwọn ará Japan, tí ẹyọ èdè tiwọn náà kéré tó sì dọ́gba, gbà á bẹ́ẹ̀: haiku wọn jẹ́ 5, 7, 5.

Ìgbà kan wà tí wọ́n fi tipátipá ka Yorùbá bẹ́ẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì sì ni. Ẹni tó bá ṣí Ìwé Orin Mímọ́ á rí àmì kéékèèké lókè orin: C.M., L.M., S.M., tàbí 8.7.8.7. Iye sílébù ìlà kọ̀ọ̀kan ni. C.M. jẹ́ 8.6.8.6, S.M. jẹ́ 6.6.8.6. Bí iye bá dọ́gba, orin kan lè gba ohùn orin mìíràn. Àwọn olùtumọ̀ ọ̀rúndún 19 ní láti há Yorùbá sínú àpótí yìí, wọ́n sì rí irinṣẹ́ kan tó bá iṣẹ́ náà mu gan-an nínú èdè: ìsúnkì. “Kí ó wá sí ilé” jẹ́ sílébù mẹ́fà. “Kó wá sílé” jẹ́ mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún, á tú u. Ẹni tó bá fẹ́ kúrú, á sún un kì. Iye dọ́gba, ìwé lẹ́wà, ọkàn olùtumọ̀ sì balẹ̀.

Ohùn ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ń gòkè ń sọ̀ bó ṣe wù ú, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ òun ní òkè àti ìsàlẹ̀ tirẹ̀. Ẹ mú “ọ̀run”, tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì gòkè díẹ̀. Tí orin bá mú un sọ̀ kalẹ̀, “ọrùn” ni ìjọ ń kọ, wọ́n á sì máa fi gbogbo ọkàn bẹ Olúwa pé kó kó àwọn dé ọrùn. Àwọn àgbà ìjọ mọ ohun tí ìwé ń sọ, wọ́n ń fi ojú gbọ́ ọ. Ọmọdé tí kò mọ ìwé ló máa ń béèrè.

Àwọn kan kò gbà kó rí bẹ́ẹ̀. Josaiah Ransome-Kuti (1855–1930), àlùfáà Ẹ̀gbá, fi ohùn orin ilẹ̀ wa kọ orin ìsìn, ó sì lọ gbà wọ́n sílẹ̀ sínú àwo fún Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina ní Èkó láti 1914 títí di 1962, lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá, tó jáde ní 1953, ó rọ àwọn olórin kí wọ́n jẹ́ kí ohùn ọ̀rọ̀ darí ohùn orin. Lójú tòní, ìmọ̀ràn náà dà bí ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní láti kọ sínú ìwé. Ní ìgbà tirẹ̀, ìjà ni.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ohùn yìí dé Paris. Ní Sẹ́tẹ́ńbà 1956, nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú pàdé ní Sorbonne, E. L. Láṣebìkan, tó ti kọ́ àwọn òyìnbó ní Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tó sọ̀rọ̀. Ìtò ohùn nínú ewì Yorùbá ló gbé kalẹ̀. Kókó rẹ̀ ni pé ohùn tí a kà sí ara ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lásán ni akéwì ń tò bí ọ̀ṣọ́, tó fi ń ya ìlà kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Ọlátúnjí náà ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà.

Kí a sún mọ́ ọn. Kí a gbà pé akéwì kan ní:

Bí mo délé, ilé á kún;
bí mo dóko, oko á kún;
bí mo dọ́jà, ọjà á rọ̀.

Délé parí sókè, dóko parí sáàárín, dọ́jà parí sísàlẹ̀. Mí, re, dò. Ilé, oko, ọjà tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kún, kún, ẹ̀ẹ̀mejì lókè. Ìlà kẹta já sí rọ̀, ohùn wọlẹ̀, etí sì mọ̀ pé nǹkan ti parí. Ẹni tó bá kà á á rí i pé sílébù mẹ́rin-mẹ́rin ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Ó lè rò pé òun ti rí òṣùwọ̀n. Ètò gbólóhùn ló bí iye yẹn: ibi tí “ilé” wà ni “oko” wọ̀, ibi tí “oko” wà ni “ọjà” wọ̀, iye kàn tẹ̀ lé wọn ni. Akéwì kan náà lè fi ìlà tó tẹ̀ lé e tú gbogbo rẹ̀ ká: “ìyá mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa fi mí yangàn lójú àwọn tó ní n ò ní í dé.” Sílébù inú rẹ̀ ju 25 lọ, èémí kan ló gbé e. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ tí yóò ní ìlà náà ti gùn jù, bí ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ fún ìyá ẹlẹ́wà pé òkìtì rẹ̀ ti kọjá ẹnu kóńgò.

Àwọn ará Ṣáínà, tí èdè wọn náà ní ohùn, ṣe ohun tí Yorùbá kò ṣe. Láti ìgbà Shen Yue (441–513) ni àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ti ń pín ohùn èdè sí ẹgbẹ́ méjì fún ewì, èyí tó tẹ́ àti èyí tó yí. Nígbà tí ìjọba Tang (618–907) fi ń gbilẹ̀, òfin ti wà: sílébù márùn-ún tàbí méje ní ìlà kan, ibi tí ohùn títẹ́ yóò wà àti ibi tí ohùn yíyí yóò wà sì ti di mímọ̀. Akéwì tó bá ṣì í, wọ́n á já máàkì rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ìtò ohùn kò di òfin rí. Àṣàyàn ni, akéwì ń lò ó níbi tó bá dùn ún, ó sì ń fi sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ sáré. Ó ṣòro láti sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Ti Ṣáínà rọrùn láti kọ́ ọmọ, tiwa rọrùn láti gbádùn.

Nígbà tí ewì Yorùbá wá di ohun títẹ̀, ìdààmú tuntun wọlé. Ṣóbọ̀ Aróbíodu (1858–1936) ní Abẹ́òkúta ń tẹ àròfọ̀ rẹ̀ jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, Dénrelé Ọbasá sì gbé ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Ìbàdàn ní 1927. Ohùn ẹnu ni Ọbasá fi ń tò: òwe, oríkì, àsọgbà. Ní ilé ẹ̀kọ́, Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi mọ ewì. Ní kíláàsì, wọ́n á sọ ewì rẹ̀ lórí iṣẹ́ di ohun tí wọ́n ń fi orí mì, gbogbo ìlà dọ́gba-dọ́gba, ọwọ́ ń lu tábìlì, ohùn ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gòkè á máa wọlẹ̀ nítorí ìlù tábìlì. Ìwé kò sọ pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé kàn kò ní bí yóò ṣe sọ pé kí wọ́n má ṣe é ni.

Orúkọ ohun tí tíṣà fẹ́ kọ́ wọn gan-an ló ṣe wàhálà. Tíṣà kan á ní “ìró”, òmíràn á ní “ìlù inú ewì”, ẹ̀kẹta á fi Gẹ̀ẹ́sì pe rhythm, á sì kọjá. Iṣẹ́ Èdè-Ìperí, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990, gbìyànjú púpọ̀ láti fún olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ fún gírámà, fónẹ́tíìkì àti lítíréṣọ̀. Sílébù, ìsúnkì, àrànmọ́: gbogbo wọn ti jókòó. Èyí tó jẹ́ ti ìrìn ohùn ló ṣì ń káàkiri.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí kò yẹ ni a ti ń wá a. Nílẹ̀ Yorùbá, òṣùwọ̀n tí kì í yẹ̀ wà, tó ṣeé kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ onílù ló wà. Ìlù kan wà tí àwọn onílù ń fi ẹnu pè ní kọ́ńkọ́ńkólo. Anthony King, tó kọ̀wé lórí orin ìsìn Èkìtì ní 1961, wà lára àwọn tó tú u palẹ̀ fún àwọn tó ń kàwé lórí orin: ẹyọ ìgbà kéékèèké 12 ni, lílù méje ni wọ́n sì fi sínú rẹ̀, láì dọ́gba, kí ẹsẹ̀ oníjó lè rí ibi gùn. Àwọn ìbátan rẹ̀ wà lórí agogo ní Gánà, wọ́n sì bá àwọn ẹrú dé Kúbà.

Nínú ẹgbẹ́ dùndún, iṣẹ́ náà pín lójú gbangba. Gúdúgúdú kékeré, tí wọ́n ń fi awọ lù, kì í kúrò lójú kan. Kẹ̀rìkẹ̀rì àti ìṣáájú ń tì í lẹ́yìn. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀: onílù ń fún ọ̀ṣán mọ́ra, ohùn ń gòkè, ó ń tú u, ohùn ń sọ̀. Ohùn àti gígùn nìkan ni ìlù ní, kò ní kọ́ńsónáǹtì. Nítorí náà ọ̀run, òkun àti ọ̀bọ, dídún kan náà ni lórí awọ. Onílù kì í sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó ń sọ oríkì lódindi, kí ẹni tí wọ́n ń kì lè fi ìyókù gbé e. Akin Euba, tó ṣàlàyé iṣẹ́ dùndún sínú ìwé ní 1990, fi hàn bí ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ṣe lè kúrò lórí ìlù tó ń kà, kó lọ káàkiri, kó sì padà wá bá a láì sọnù. Oníjó ló so wọ́n pọ̀. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bá ìlù mu, wọ́n á ní ó gbọ́ ìlù. Tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, ọmọdé á rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ó yọ jáde láti inú èyí kò ní ìtìjú fún Yorùbá. Àwọn Gíríìkì fi iye àti ọ̀rọ̀ sínú ìlà ewì kan ṣoṣo, wọ́n sì pè é ní metron. Yorùbá pín wọn sọ́wọ́ ẹni méjì. Gúdúgúdú ń kà, apohùn ń sọ. Àní níbi tí kò sí ìlù, ẹlòmíràn ń gba iṣẹ́ gúdúgúdú ṣe: nínú ìyẹ̀rẹ̀, àwọn babaláwo tó jókòó ti ẹni tó ń sun ún ni wọ́n ń fi ohùn kan dáhùn ní òpin ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn yẹn ló sì ń fi hàn pé ibẹ̀ ló parí sí. Òun náà ló ń fi ọkàn ẹni tó ń sun ún balẹ̀ pé kò tíì ṣìnà. Karin Barber, tó gbé ní Òkukù tó sì kọ̀wé lórí oríkì ibẹ̀ ní 1991, rí irú ìtúká yìí nínú oríkì obìnrin: ẹyọ kékeré àti ẹyọ ńlá ń tẹ̀ léra wọn, ìyá tó ń kì í ń gùn ún tàbí ń gé e bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bá ṣe rí.

Akéwì orí rédíò, bíi Lánrewájú Adépọ̀jù tó kú ní 2023, kò yà kúrò lójú ọ̀nà yìí. Ohùn lásán ni, láìsí ìlù púpọ̀, ìlà gígùn tó ń sáré tẹ̀ lé ìlà kúkúrú tó ń gúnni. Ẹ̀yìn èyí ni nǹkan wá yí, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ kan náà.

DaGrin, olórin ráàpù tí àwọn ará Méìrán mọ̀ dáadáa, gbé àwo C.E.O. jáde ní 2009; ó kú ní Épírélì 2010 lẹ́yìn ìjàm̀bá ọkọ̀. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ fi Yorùbá ṣe ráàpù, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí àwọn ọmọ ojú pópó gbà pé ó ṣeé ṣe láì fi Gẹ̀ẹ́sì bò ó. Ráàpù kò gba pípín iṣẹ́. Bítì mẹ́rin ló wà nínú bar kan, ẹ̀rọ ló ń lù ú, kò sì lè dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹnu kan náà ló gbọ́dọ̀ kà, òun náà ló gbọ́dọ̀ sọ. Bar, lọ́dọ̀ olórin Gẹ̀ẹ́sì, measure náà ni, òṣùwọ̀n, àwọn ọmọ sì ti gbà á, wọ́n ń ní “fún mi ní bars mẹ́rìndínlógún.”

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀ ló yẹ kí àwọn tó ń kọ́ni ní ewì lọ wò. Ìsúnkì tí olùtumọ̀ orin ìjọ lò ni wọ́n ń lò, ó kàn ń yára ju tiwọn lọ: “kí ó” di “kó”, “ṣe iṣẹ́” di “ṣiṣẹ́”, sílébù mẹ́ta á wọlé síbi tí méjì wà. Ìparí ọ̀rọ̀ wọn ń jọ ara wọn bíi ti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń fẹ́ kí ohùn ìparí náà jọra, kó má jẹ́ fáwẹ́lì nìkan: ẹni tó fi “ọkọ̀” parí ìlà kan, tó wá fi “ọkọ́” parí èkejì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní kò dún. Ojú ibẹ̀ ni Phillips ti bẹ àwọn akọrin ní 1953. Tí bítì bá ń fa ọ̀rọ̀ kan wálẹ̀ tí ohùn rẹ̀ sì wà lókè, ọmọ náà kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nù. Ó ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn, tàbí kó sún tirẹ̀ síwájú bítì ní ìdajì, kí ìlù ó kọ́kọ́ kọjá.